Iná Tí Marlys Gbé Kọjá Afárá

Ìgbà mẹ́ta ni Marlys Kangas lọ sí ìsọ̀ Clifford Beaudry láàárín ọ̀sẹ̀ kan nítorí iná orí. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó ra èyí tó ń tàn bí ewé tútù. Ó gbé e délé, ó dé e sórí, ó rìn yí ẹ̀yìnkùlé ká, gbogbo nǹkan rí bí ìsàlẹ̀ kànga tó ti hu èéhù, èébì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e, ló bá dá a padà. Ní ìgbà kejì, ó ra tọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí wọ́n ń fọwọ́ mú. Kò tíì délé tó fi rántí pé ìbọn á wà lọ́wọ́ kan, àkàbà á sì wà lọ́wọ́ kejì, àfi bó bá fẹ́ máa fi eyín gbé tọ́ọ̀ṣì. Ó yí ọkọ̀ padà lójú títì. Ní ìgbà kẹta, Clifford ti rí i láti ojú fèrèsé, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín kó tó wọlé.

"Marlys, ṣé kí n kúkú tẹ́ ẹní fún ẹ sẹ́yìn káńtà níbí ni?"

"Clifford, má bá mi ṣeré lónìí. Ìgbà wo ni ọdẹ bẹ̀rẹ̀?"

"Ọ̀túnla. Ta ni ò mọ̀?"

"Ó dáa. Fún mi ní iná tó máa gbé mi dé orí àga Eino láì jẹ́ kí n ṣìnà."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Clifford. Òun àti Eino ọkọ Marlys jọ lọ ilé ìwé ni, ó sì wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀ ní oṣù kẹrin, nígbà tí yìnyín ò tíì yọ́ tán ní itẹ́ òkú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú iná orí kan jáde tó ní ojú méjì, ọ̀kan pupa, ọ̀kan funfun.

"Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, pupa á tàn. Tẹ̀ ẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ, funfun á tàn. Wákàtí mẹ́sàn-án ni bátìrì ẹ̀ ń lò, mo ti dán an wò."

"Funfun kì í kọjá afárá tiwa."

"Mo mọ òfin ilé yín dáadáa. Àmọ́ èyí tó ní pupa nìkan ti tán lọ́wọ́ mi, àwọn ará ìlú ńlá ti kó gbogbo ẹ̀ lọ. Má ṣáà tẹ̀ ẹ́ pẹ́."

Marlys gbà á. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó tan ojú pupa rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó rí ọgbà, ó rí igi tí wọ́n là jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ní ó ti tó. Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ó jókòó, ó dìde, ó tún tàn án wò, ó tún pa á.

Ẹ jẹ́ n sọ bí ọ̀rọ̀ àga yìí ṣe jẹ́, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé orí obìnrin yìí ti ń dàrú. Inú igbó kan náà ni àwọn Kangas ti ń dẹ àgbọ̀nrín ní òkè ìpínlẹ̀ Míṣígànì ní Amẹ́ríkà láti ayé bàbá bàbá wọn. Àga márùn-ún ni wọ́n kàn mọ́ ara igi káàkiri igbó náà, tí èèyàn ń fi àkàbà gùn. Kò sí ìwé tó sọ pé ti lágbájá ni èyí, ti tàmẹ̀dò ni tọ̀hún. Ẹni tí ojúmọ́ bá mọ́ bá lórí àga ní ọjọ́ kẹẹ̀dógún oṣù kọkànlá, ọjọ́ tí ọdẹ bẹ̀rẹ̀, òun ló ni ín títí di ọdún tó ń bọ̀. Bó bá ti gùn ún, á ṣẹ́jú iná rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí orí òkè, níbi tí àga Bàbá Reino wà. Bàbá Reino ni àbúrò bàbá Eino, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, òun ló kù tí ẹnu rẹ̀ ká gbogbo wọn. Bàbá náà á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì padà. Ó parí nìyẹn.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Eino fi ṣẹ́jú iná láti inú irà kédárì, lórí àga tó dára jù nínú márààrún. Ọdún méjìlélógún nínú rẹ̀, Marlys wà ní apá òsì rẹ̀ lórí pákó kan náà, wọ́n á jọ mu kọfí látinú fúláàsì kan, wọn ò ní sọ̀rọ̀ títí oòrùn á fi yọ. Àwọn tó ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tiwọn nìyẹn. Ní báyìí tí Eino ti kú, àga náà wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ gùn ún. Verner àbúrò Eino sì ti sọ ọ́ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, níṣojú gbogbo ẹbí, pé bí Marlys bá débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ó tọ́ sí i, bí kò bá débẹ̀, òun ò ní jẹ́ kó ṣófo. Ẹ̀bá títì ni àga Verner wà, níbi tí ọkọ̀ agbégi ti ń kọjá láàárọ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti rí ìwo àgbọ̀nrín gbẹ̀yìn níbẹ̀.

Ohun tí Marlys ò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé òun ò mọ ọ̀nà. Ọdún méjìlélógún, nínú òkùnkùn, ẹ̀yìn Eino ló ń tọ̀. Gìgísẹ̀ bàtà Eino ló mọ̀. Ọjọ́ tó lọ wò ó lójú ọ̀sán, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣìnà kó tó débẹ̀. Ló bá mú ríbọ́nì pupa kan tó rà lọ́wọ́ Clifford dání lọ́jọ́ kejì, ó gé e wẹ́wẹ́, ó so wọ́n mọ́ ara igi láti ẹ̀yìn afárá, níbi tí igi kan ti ṣubú, títí dé ẹsẹ̀ àkàbà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Àwọn igi eèpo funfun ló pọ̀ jù ní etí irà yẹn, bí ríbọ́nì pupa ṣe ń tàn lára wọn, afọ́jú gan-an á rí i. Marlys dúró, ó bojú wẹ̀yìn, inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrìnlá, gbogbo wọn ti pé sí àgọ́ ọdẹ wọn létí igbó. Wọ́n ti làágùn nínú ilé ooru, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti jẹ páì ẹran, ojú gbogbo wọn pọ́n. Wọ́n wá kó iná wọn sórí tábìlì, torí pé Bàbá Reino gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pa fìtílà, ó ń tan iná kọ̀ọ̀kan sí ara ògiri, ó ń yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ ra ẹyin. Nígbà tó kan ti Marlys, ó dúró.

"Kí ni ojú kejì yìí?"

"Funfun ni, Bàbá. Òun nìkan ló kù lọ́wọ́ Clifford. Mi ò ní tàn án."

"Gbogbo ẹni tó tàn án rí ló sọ bẹ́ẹ̀." Ó na ọwọ́ fún téèpù dúdú, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú funfun náà lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. "Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ fún ẹni tí etí rẹ̀ di. Iná funfun kì í kọjá afárá. Bó bá wọ inú irà, gbogbo ẹran tó wà níbẹ̀ á gba òdì kejì jáde, ọjọ́ náà ti bàjẹ́ fún gbogbo wa nìyẹn. Bí ẹ̀ṣọ́ igbó bá sì rí i láti títì, olè ẹran ló máa pè wá."

Verner nawọ́ mú kọfí rẹ̀. Ọkùnrin gbọọrọ ni, ó jọ Eino ní imú àti èjìká, ìyẹn sì máa ń dun Marlys láti wò.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ṣé o mọ̀ pé irà ò ní pátákó tí wọ́n kọ 'ẹ yà sọ́tùn-ún' sí?"

"Ẹ fi Àǹtí sílẹ̀," Tessa dá sí i. Ọmọ ọmọ Bàbá Reino ni, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

"Àwàdà ni mò ń bá a ṣe."

"Àwàdà ẹ ti pọ̀ jù láti oṣù kẹfà," Marlys sọ. "Máa tọ́jú díẹ̀ pamọ́ fún àwọn ọkọ̀ agbégi tó ń kọjá níwájú ẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Verner náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín tirẹ̀ tètè tán. Tessa sún mọ́ Marlys níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ n sìn yín débẹ̀. Tí mo bá fi yín síbẹ̀, n óò padà sí tèmi kíá."

Ó wu Marlys gan-an. Ó ti la ẹnu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ni Bàbá Reino sọ̀rọ̀ láti ìdí ààrò láì yíjú, etí rẹ̀ ṣì mú gan-an bí kò tiẹ̀ fẹ́ ká mọ̀.

"Ẹni tó máa jókòó níbẹ̀ ló máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀."

Marlys ò sùn. Ó ń gbọ́ híhanrun Verner láti òdì kejì ògiri pákó, ó ń ka ọ̀nà náà lọ́kàn, afárá, igi tó ṣubú, igi ìbejì, ojú omi. Bó bá dé ojú omi, á sọnù, á tún bẹ̀rẹ̀ láti afárá. Nígbà tó yá, híhanrun náà dákẹ́, kò sì kà á sí.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ni wọ́n jáde nínú òkùnkùn, kò sí ẹni tó wò ó bóyá gbogbo wọn pé. Kò sí òṣùpá. Yìnyín tín-ín-rín ti bo ilẹ̀ lórí pápá, àmọ́ nínú irà, omi dúdú ló ṣì wà láàárín gbòǹgbò. Kálukú ya sí ọ̀nà tirẹ̀ láìsọ nǹkan kan, bó ṣe yẹ. Marlys dé afárá, ó tẹ iná rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pupa tàn. Ó kọjá.

Ìṣísẹ̀ bí ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ó rí igi tó ṣubú, ó gbà á kọjá. Ó wá gbé orí sókè láti wá ríbọ́nì àkọ́kọ́ lára àwọn igi eèpo funfun, kò rí nǹkan kan. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Igi ló ń rí, gbogbo wọn pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ láti òkè délẹ̀, kò sí ohun tí a so mọ́ èyíkéyìí. Ó sún síwájú, ó ní bóyá òun ti gbàgbé ibi tó wà. Kò sí. Ó padà sẹ́yìn. Kò sí níbẹ̀ náà.

Verner, ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀. Verner ti wá tú gbogbo rẹ̀. Ó rántí pé òun ò gbọ́ híhanrun rẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó jáde, orí rẹ̀ gbóná. Ó ṣépè fún un níbẹ̀, èpè tí èèyàn kì í ṣẹ́ fún àbúrò ọkọ, ó ṣẹ́ ẹ tán ó sì tún fi ìyá rẹ̀ kún un. Ó wá gbé ọwọ́ lé igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó lè mí.

Nǹkan kan ń yọ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó fà á. Ríbọ́nì ni.

Ó gbé ojú sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi kan eèpo igi. Ríbọ́nì náà wà níbẹ̀ digbí, bó ṣe so ó gan-an, pẹ̀lú kókó tó ta, ṣùgbọ́n kò pupa rárá. Lábẹ́ iná yẹn, àwọ̀ kan náà ni òun àti eèpo igi. Ó pa iná, ó tún tàn án. Bákan náà ni. Gbogbo ohun tó pupa àti gbogbo ohun tó funfun nínú irà yẹn ti di ọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi owó ra iná àti ríbọ́nì lọ́wọ́ ẹnì kan náà.

Ẹ sọ fún mi, ta ni ì bá kìlọ̀ fún un? Clifford tó ti ń ta iná fún ogójì ọdún ni? Bàbá Reino tó mọ irà náà bó ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni? Kò sí ìkankan nínú wọn tó so ríbọ́nì mọ́ igi rí láyé. Ọ̀nà wà lẹ́sẹ̀ wọn látọmọdé. Ẹni tó máa ń ṣe irú àṣìṣe yìí ni ẹni tó gbọ́ràn sí òfin iná, tó sì ń bo àìmọ̀ ọ̀nà mọ́ra.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ wá wọn. Á na ọwọ́ láti ara igi kan sí èkejì, á gbá a mọ́ra, á fọwọ́ pa á láti àyà dé orí, bó bá kan ríbọ́nì á mí, á tún máa wá òmíràn. Ibi tó yẹ kó fi ìṣẹ́jú márùn-ún rìn ń gba ogún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún wọ inú omi dé orúnkún, òtútù náà gún un wọ eegun. Nígbà tó wo aago, aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kò ní pé wákàtí kan tí ilẹ̀ á mọ́. Kò tíì dé ibi igi ìbejì.

Ìgbà yẹn ló rí i. Níwájú rẹ̀, ní òkè, lápá ọ̀tún ju ibi tó rò lọ, iná pupa kan ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Lórí òkè lọ́hùn-ún, Bàbá Reino ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì padà.

Marlys kọ́kọ́ rò pé ojú òun ló ń ṣe òun bẹ́ẹ̀. Kò sí àga mìíràn ní apá yẹn. Ó wá yé e. Ẹnì kan ti wà lórí àga Eino, ó ti ṣẹ́jú, Bàbá Reino sì ti rò pé òun ni. Ọ̀nà àwọn agbégi àtijọ́ ni Verner gbà wọlé láti ẹ̀yìn irà, ó jìnnà ṣùgbọ́n ó gbẹ. Kò pọn dandan kó tú ríbọ́nì kankan. Ó kàn jí ṣáájú ni.

Ìbínú tó bá a, ó ní òun ò rí irú ẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tí dókítà sọ fún un pé kò sí nǹkan tí àwọn lè ṣe mọ́ fún Eino. Ọjọ́ yẹn kò rí ẹni tó lè bínú sí. Ó já iná náà lórí, ó fi eyín ya téèpù Bàbá Reino kúrò, ìpele kìíní, ìpele kejì, ó tu ú sílẹ̀, ó dé iná padà, ó tẹ̀ ẹ́, kò yọwọ́.

Funfun tàn. Gbogbo irà náà yọ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, gbòǹgbò, omi, ewé kédárì, àti àwọn ríbọ́nì rẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, pupa fòò, wọ́n tò lọ síwájú bí ó ṣe so wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kò rọra rìn mọ́. Àgbọ̀nrín mẹ́ta fò dìde láti inú koríko, ìrù wọn funfun sókè, wọ́n gba òdì kejì lọ. Ó bà á nínú jẹ́, ó mọ̀ pé ẹran Tessa ni, ẹran Bàbá Reino ni, ó sì ń rìn lọ. Láti orí òkè, iná pupa kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú léraléra, kò dáwọ́ dúró. Bàbá ń sọ pé kó pa á. Kò pa á.

Ó dé ẹsẹ̀ àkàbà, ó gbé orí sókè. Verner jókòó sórí pákó, nínú aṣọ olómi ọsàn rẹ̀, ó fi apá bo ojú.

"Pa iná yẹn."

"Sọ̀kalẹ̀."

"Marlys, pa á ná, ká sọ̀rọ̀. Ṣé o mọ ohun tí ò ń ṣe ṣá? O ti ba ọjọ́ jẹ́ fún gbogbo ilé. Bàbá á lé ẹ kúrò ní àgọ́ yìí."

"Kó lé mi. Lónìí, sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀."

"Èmi ni mo kọ́kọ́ gùn ún. Bàbá ti dá mi lóhùn."

"Èmi ló rò pé òun dá lóhùn. O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Verner gbìyànjú láti wò ó láàárín ìka rẹ̀, iná náà ò jẹ́.

"Ẹ̀yìn mi ni mo fi gbé pákó yìí," ó ní. "Èmi àti Eino la jọ kàn án. A ṣẹ́ kèké, ó mú un, kò mú mi, mo sì fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n jókòó sẹ́bàá títì. Mo sọ nǹkan kan?"

"O ò sọ nǹkan kan. Eino máa ń sọ ọ́ fún mi. Kí ló dé tí o ò béèrè àga yìí lọ́wọ́ mi?"

"Ṣé o máa fún mi?"

"Rárá."

"Ó dáa náà."

"Verner, wákàtí mẹ́sàn-án ni bátìrì yìí ń lò. Clifford ti dán an wò. Bí ilẹ̀ bá mọ́ bá ẹ lókè, ó mọ́ bá ẹ, mi ò lè fà ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n níbí ni màá dúró sí títí á fi mọ́, pẹ̀lú iná yìí, mo sì máa padà wá lọ́la, mo máa wá lọ́túnla. Bí o bá fẹ́ kí iná yìí kú, sọ̀kalẹ̀."

Afẹ́fẹ́ díẹ̀ fẹ́, àkàbà dún. Nígbà tí Verner tún la ẹnu, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀, ó ti rọ̀ débi pé Marlys ní láti sún mọ́ igi kó tó gbọ́.

"Kì í ṣe ìwọ nìkan ni Eino kú mọ́ lọ́wọ́," ó ní. "Gbogbo èèyàn ń wá kí ìwọ ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Kò sí ẹni tó gbé páì kankan wá bá mi kẹ́dùn nílé tèmi. Mo ní kí n jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, bóyá màá... Mi ò mọ ohun tí mo rò. Àgbọ̀nrín kọ́ ló gbé mi débí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Marlys lára. Òótọ́ ni. Ní oṣù méje, kò bi ọkùnrin yìí léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé báwo ló ṣe ń sùn. Ó ti ń yẹra fún imú rẹ̀ àti èjìká rẹ̀, torí ìrora tirẹ̀ nìkan ló ń wò. Àánú rẹ̀ ṣe é, ó ṣe é gidigidi, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọwọ́ sí iná láti pa á kó padà lọ sílé. Ó wo pákó náà. Ó mọ̀ pé bí òun bá padà lónìí, òun ò ní gùn ún mọ́ láyé.

"Mo mọ̀, Verner," ó sọ. "Sọ̀kalẹ̀."

Verner jókòó síbẹ̀ títí ó fi dà bíi pé kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ló yí padà, ó fi ẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ lára àkàbà, ó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta tí eékún rẹ̀ kò dára. Nígbà tó délẹ̀, ó dúró gbọn-in. Wọ́n ò wo ara wọn. Marlys kó ọta kúrò nínú ìbọn, ó fi í lé e lọ́wọ́, ó gun àkàbà lọ sókè. Láti òkè, ó ju okùn sílẹ̀. Ó gbọ́ tí Verner ń so ìbọn mọ́ ọn, ó rọra ṣe é, ó dì í lẹ́ẹ̀mejì, ó fà á wò kó tó ní, "Fà á." Ìbọn Eino ni.

Ó jókòó, ó pa funfun. Òkùnkùn ṣú bo gbogbo nǹkan. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kọjú sí òkè, ó fọwọ́ bo pupa, ó ṣí i, ó bò ó, ó ṣí i. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ó dúró.

Orí òkè dákẹ́. Ó ka dé ogún, ó ka dé ogójì. Ó mọ bí Bàbá Reino ṣe máa ń jókòó nígbà tó bá ń bínú, tí á di apá mọ́ àyà. Ó ka dé ọgọ́ta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò sì bìkítà bí Verner bá gbọ́. Ó ní bí bàbá ò bá dáhùn, òun ò ní sọ̀kalẹ̀ náà.

Ó ti ṣíwọ́ kíkà nígbà tí iná náà ṣẹ́jú. Ẹ̀ẹ̀kan. Ó pẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì.

"Ó dá ẹ lóhùn?" Verner béèrè nísàlẹ̀. Ó ti jókòó sórí gbòǹgbò, ó fẹ̀yìn ti igi.

"Ó dá mi lóhùn."

"Màá jókòó síbí títí á fi mọ́. Mi ò ní mira."

"Jókòó."

Kò sí ẹran tó wá. Ó ti lé gbogbo wọn. Ojú ọ̀run kọ́kọ́ di eérú, lẹ́yìn náà àwọn kédárì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Marlys jókòó sí apá òsì pákó náà fún ìgbà pípẹ́, bó ṣe mọ́ ọn lára. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ dé ọwọ́ rẹ̀, ó sún sí àárín.